Agolo Tó Wà Lábẹ́ Pọ̀nmọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì fẹ́ kí tiyín kún un.

Olúwafẹ́misí ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún tó kọjá ní Tucker, níbi tí à ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Atlanta, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní bí mi ò bá lọ sí yunifásítì, ó kéré tán kí n wúlò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dúró lẹ́yìn kámẹ́rà lọ́jọọjọ́ Ìsinmi nìyẹn.

Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Ojú máa ń tì mí. Tí ènìyàn bá kí mi lójijì, bàtà mi ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Mo mọ àwọn tó ń sùn nígbà àdúrà. Mo mọ ìyá ìjọ tó máa ń bọ́ bàtà lábẹ́ àga. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Pásítọ̀ Oyèwùmí máa ń wo aago ọwọ́ wọn kí wọ́n tó sọ pé "ní ìparí," àti pé ìparí náà ṣì tó ogún ìṣẹ́jú sí i.

Pásítọ̀ ló pè mí lẹ́yìn ìsìn kan. Wọ́n ní Bàbá Ọlágúnjú máa pé ọdún márùndínláàdọ́rùn-ún lóṣù tó ń bọ̀, ìjọ sì fẹ́ fídíò kékeré kan nípa iṣẹ́ tí Bàbá ṣe nílé. Wọ́n ní Bàbá ti ń ya fíìmù ní Ìbàdàn kí ìyá mi tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo nǹkan ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, sà sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilé ọmọ wọn obìnrin, Aunty Rẹ̀mílẹ́kún, ni Bàbá ń gbé, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Bàbá wo kámẹ́rà mi, wọ́n wo ibi tí mo gbé àga wọn sí, wọ́n wo fèrèsé.

"Ìwọ lo fẹ́ ya mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O gbé fèrèsé sẹ́yìn mi. Tí o bá yà mí báyìí, ìjọ á rò pé òkú ló ń jẹ́rìí. Yí àga yẹn padà."

Mo yí i padà. Wọ́n ní kí n tún un yí. Nígbà tí mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan, ìkejì ṣókùnkùn díẹ̀, mo wá rí i pé ojú Bàbá dà bí ojú ẹni tó ti rí nǹkan láyé. Inú bí mi pé wọ́n tọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ fíìmù kan wà ní Ìbàdàn nígbà náà tó ń jẹ́ Òkìkí. Olóyè Dáramọ́lá, oníṣòwò símẹ́ńtì, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ọgbà tiwọn, wọ́n ní ààfin tí wọ́n fi pákó kàn, wọ́n sì ní àwọn òṣèré tó ń gba owó oṣù bí olùkọ́. Ọdún méjìlá ni Bàbá fi ya àwòrán wọn, fíìmù mẹ́sàn-án. Inú gbọ̀ngán ìlú àti ọgbà ilé ìwé ni wọ́n ti ń fi hàn káàkiri.

Bàbá ní ìjà àwọn àti Olóyè kò ju ìjà iná lọ. Olóyè á ní òun ra iná mẹ́fà, kí ló dé tí méjì péré ń tàn? Bàbá á ní òjìji lòun ń yà. Olóyè á ní òun ò sanwó fún òjìji.

Mo bi Bàbá pé níbo ni fíìmù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà. Wọ́n ní kò sí ọ̀kan. Nígbà tí Olóyè kú, inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni àwọn ọmọ rẹ̀ kó wọn sí. Wọ́n jẹrà, wọ́n ń rùn bí ọtí kíkan. Nígbà tí Bàbá fi máa débẹ̀, ẹnì kan ti ń fi èyí tó gbẹ so àgbàdo mọ́ àjà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Daddy Shittu ti wọlé.

Láti Fairburn ni Daddy Shittu ti máa ń wa ọkọ̀ wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á jẹ ìrẹsì Aunty Rẹ̀mílẹ́kún, wọ́n á bá Bàbá jà, wọ́n á padà sílé. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Atlanta ló mọ̀ wọ́n sí òṣèré àgbà. Àwọn ló ń darí ètò ìsọmọlórúkọ, àwọn ló ń darí ìgbéyàwó, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn ṣe ọba nínú fíìmù Òkìkí. Ta ló máa já wọn nírọ́? Fíìmù ti di okùn àgbàdo.

Wọ́n sì ní Bàbá kì í ṣe ẹni tó ya àwòrán. Wọ́n ní òyìnbó kan láti London ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ kámẹ́rà lẹ gbé," Daddy Shittu á wí, ìrẹsì á wà lẹ́nu wọn. "Òyìnbó ló fojú sí i."

"Òyìnbó tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tó dé? Ibà náà ló wá ń ya fíìmù fún ọdún méjìlá?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé tí Daddy Shittu bá ti lọ, Bàbá á máa fi àtàǹpàkò họ apá àga wọn. Ará ìjọ míì ti ń pè wọ́n ní Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-Kámẹ́rà lẹ́yìn wọn. Bàbá mọ̀.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Daddy Shittu lọ, Bàbá rán mi sí fìrísà tó wà nínú gáréèjì. Wọ́n ní kí n wo abẹ́ pọ̀nmọ́, lábẹ́ ẹja, kí n mú ohun tí mo bá rí wá, kí n má sì gbọ̀n ọ́n.

Agolo pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Téèpù dúdú yí etí rẹ̀ ká. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé MÁ ṢÍ.

Bàbá ní fíìmù tí àwọn yà lọ́jọ́ tí Òkìkí kú ló wà nínú rẹ̀, ní ọdún 1986. London ni wọ́n ti ń fọ fíìmù wọn, kò sì sí owó tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ mọ́. Bàbá gbé e lọ sílé. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Mọ́kọ́lá gbà wọ́n láyè nínú fìrísà rẹ̀. Ìyá náà rò pé oògùn ni, nítorí náà kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí Bàbá ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ̀ kí agolo náà gba inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò kọjá ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n bá àwọn aṣọ́bodè jà títí ọkọ̀ fi fò lọ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin kan wà níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Tí mo bá kú lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni mo wá ṣe láyé."

Aunty Rẹ̀mílẹ́kún ti rí ilé iṣẹ́ kan ní apá òkè Amẹ́ríkà tó ṣì ń fọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń bẹ Bàbá. Ẹ̀rù ń ba Bàbá ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ìjọ lè wò ó lọ́jọ́ ìbí wọn, kí Shittu lè panu mọ́.

Ó yẹ kí n panu mọ́ èmi náà. Mo lọ sọ fún Praise.

Praise ló ń ṣe kọ̀ǹpútà nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló máa ń kùn, àwọ̀ ewé. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì fi máa ń dá mi lóhùn: K. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ agolo, ó kọ ìlà mẹ́fà.

Ó ní kí a ṣí i, kí a ya bí a ṣe ń ṣí i. Ó ní agolo tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fún nǹkan bí ogójì ọdún, gbogbo ayé ló máa wò ó. Mo ní wọ́n kọ MÁ ṢÍ sí i lára.

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa wò ó," ni Praise wí. "Fẹ́misí, a ò ní jẹ ẹ́. A kàn fẹ́ wò ó."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Aunty gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n sì fi mí sílé kí n ya àwọn fọ́tò ara ògiri. Praise dé pẹ̀lú fóònù àti iná róbótó rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọge fi ń ya ara wọn. Iná náà mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ihò ara awọ pọ̀nmọ́.

Mo gbé agolo jáde nínú fìrísà, mo gbé e sórí tábìlì gáréèjì. Mo rí i pé wọ́n ká ìparí téèpù náà padà sẹ́yìn, ó yọ sóde bí etí kékeré kan. Etí náà ni mo fà. Ó ṣí wọ̀ọ̀ láìjà rárá, mo ní nínú mi pé ó dára, mi ò sì rò ó síwájú.

Àpò dúdú ló wà nínú agolo. Fíìmù wà nínú àpò, ó ká yípo bí ẹní kékeré. Mo fà á gùn tó apá mi méjì. Mo gbé e síwájú iná.

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò sí ojú, kò sí ilé, kò sí igi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí mílíìkì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fà á sí i. Tíì náà ni.

Praise pa fóònù rẹ̀. "Bàbá ti ń tàn wá jẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ọkùnrin tó ní mo fẹ́ ya òun bí òkú, òun alára òpùrọ́ ni. Gbogbo ìjà pápá ọkọ̀ òfuurufú yẹn, nítorí tíì.

Mo ká a padà, mo rí téèpù dúdú míì nínú gáréèjì, mo fi yí i, mo dá a padà sábẹ́ ẹja. Mo ní kí Praise má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún, ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ò sọ fún ju ẹnì kan lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, Daddy Shittu fi ọwọ́ gbá mi léjìká, wọ́n sì pè mí lórúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ajé ni mo jókòó láti gé fídíò. Mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Irun funfun kan wà nínú etí òsì Bàbá, gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ni mo fi ń wò ó bóyá ó máa hàn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ohùn wọn wá ń bọ̀ nínú etí mi:

"Fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀, o ò lè rí àwòrán lójú rẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀, ó ń sùn ni. Omi oògùn ló ń jí i. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án kó tó dénú oògùn, ó parí. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti pa á. Ṣé o gbọ́?"

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí mo mọ̀ dáadáa dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ní ọjọ́ kejì, Aunty gbé páálí wá láti fi agolo ránṣẹ́. Bàbá ní kí n kọ́kọ́ gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ ká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wá nǹkan tó mọ ibi tí òun fi sí. Ọwọ́ wọn yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i ká. Ó dúró.

"Fẹ́misí."

"Sà."

"Ó ṣì tutù?"

"Ó tutù, sà."

Wọ́n gbé agolo fún Aunty. Wọ́n ní kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Bàbá bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ béèrè. Mo ní rárá, sà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní rárá, sà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n sọ ìtàn kan fún mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ṣí agolo tí kò yẹ kí àwọn ṣí, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan sì ṣègbé. Àwọn sọ fún Olóyè pé ooru jẹnẹrétọ̀ ló bà á jẹ́. Olóyè lé ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ dànù. Ernest ni orúkọ rẹ̀, ó ní ọmọ mẹ́rin.

"Mo ní màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀," ni Bàbá wí. "Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú."

Ẹ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ẹ sì wo ohun tí èmi sọ. Mo ní, "Ṣé kí n fi ìyẹn sínú fídíò, sà?"

Bàbá wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ dé láti ilé ìfọ-fíìmù, lórí ẹ̀rọ ayélujára. Aunty fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó, inú gbọ̀ngán ni gbogbo wa á ti jọ wò ó. Wọ́n ní Bàbá tún ní kí àwọn sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì: kí n má ṣí i.

Mi ò ṣí i. Ẹ má yìn mí. Ẹ̀rù ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, gbọ̀ngán kún. Praise wà nídìí kọ̀ǹpútà, èmi wà lẹ́yìn kámẹ́rà, màmá mi wà láàárín àwọn akọrin. Daddy Shittu ló ń darí ètò. Wọ́n dé fìlà ọba, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Fídíò tí mo ṣe kọ́kọ́ lọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó wá kan ti agolo, Daddy Shittu gbé máíkì sẹ́nu.

"Mo gbọ́ pé àwọn ọmọdé ti yọjú wo inú agolo yìí," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ pé òfìfo ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó bẹ́ẹ̀, ìrẹsì ò kúkú tíì jinná."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá ò wo Daddy Shittu. Èmi ni wọ́n wò, láti ọ̀ọ́kán, láàárín igba ènìyàn.

Praise tẹ̀ ẹ́. Ògiri ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀.

Àgbàlá kan yọ. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà pọ́n bí iná, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ mọ́ rekete. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró níbẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ débi pé ènìyàn méjì lè gbé inú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó gbé pátákó tí wọ́n máa ń gbá kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ dání, a sì rí ohun tí wọ́n fi ẹfun kọ sí i: ÒKÌKÍ. KÁMẸ́RÀ: ỌLÁGÚNJÚ.

Ó gbá pátákó náà pà. Ó rò pé ó tán. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ọwọ́ bọ abọ́ oúnjẹ ọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ju ẹran kan sẹ́nu. Ó tún mú ìkejì. Ó fi aṣọ àrán ọba tí wọ́n sá sórí okùn nu ọwọ́.

Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Daddy Shittu nìyẹn."

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngán náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé Olúwa. Ìyá ìjọ tó máa ń bọ́ bàtà gbá àga rẹ̀ lulẹ̀. Pásítọ̀ fi Bíbélì bo ẹnu. Daddy Shittu dúró pẹ̀lú fìlà ọba wọn, máíkì rọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwòrán náà láti ẹ̀gbẹ́, bí iná ṣe ń jẹ ìwé. Ó jẹ àgbàlá, ó jẹ pátákó, ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ògiri di funfun. A dúró. Funfun ni. Ẹnì kan bi Praise bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo ti ka ohun tí a rí: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún. Ìdí róòlù náà, níbi tí wọ́n ká mọ́ra jù, ni ìmọ́lẹ̀ ò ráyè dé. Ohun tí wọ́n yà kẹ́yìn ló wà lókè, níbi tí mo fà.

Ara Daddy Shittu bọ̀ sípò díẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo gbá pátákó lọ́jọ́ kan. Ìyókù dà? Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹ fi ń dún mọ̀huru mọ́ wa dà?"

Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba máíkì. Gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n nà án sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹni tó mọ ibi tó lọ wà lẹ́yìn kámẹ́rà," ni wọ́n wí.

Láti ibi tí mo wà dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Mo wo bàtà mi ní gbogbo ogún rẹ̀. Okùn bàtà òsì ti tú.

"Èmi ni mo ṣí i," ni mo wí sínú máíkì. Ohùn mi jáde lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń bà mí lẹ́rù. Mo sọ ọ́ tán: fìrísà, iná róbótó, tíì onímílíìkì. Mo sọ pé èmi ni mo ní òfìfo ni. Mi ò dárúkọ Praise, ṣùgbọ́n mo rí i tó tẹ̀ ba sẹ́yìn kọ̀ǹpútà títí ó fi ku orí rẹ̀ nìkan. Màmá mi fi ìwé orin bo ojú.

Bàbá ní, "Ọjọ́ tí mo fọwọ́ tọ́ téèpù yẹn ni mo ti mọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa máa ń ká etí téèpù, kí ọwọ́ lè rí i nínú òkùnkùn. Tìrẹ ò létí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ò ní kí n dìde.

"Pé o ṣí i, àìmọ̀ ni. Èmi náà ti ṣí i rí. Ṣùgbọ́n o wo ohun tí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó, o wá lọ sọ fún ayé pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Èyí tó dùn mí nìyẹn."

Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì, wóró ìrẹsì gbígbẹ kan wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gbọ́ tí Bàbá yí padà nínú àga.

"Shittu. Ta ló ti ọmọlańke lọ́jọ́ yẹn?"

Daddy Shittu ń tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ṣe.

"Shittu."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo rí?"

Mo gbé orí sókè díẹ̀. Daddy Shittu ti ṣí fìlà ọba. Irun wọn kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń darí ètò.

Wọ́n ní Níkẹ́, òṣèré Òkìkí kan, ló ṣe ìyàwó tí wọ́n lé jáde nílé ọkọ. Àtùpà kan ló gbé dání, ó ń rìn lọ lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá jókòó sórí ọmọlańke tí wọ́n yá lọ́wọ́ alágbàrù, kámẹ́rà wà léjìká wọn, àwọn sì ń tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Níkẹ́. Bàbá ní kí àwọn má mí. Ojú ọ̀run ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ojú Níkẹ́ nìkan ló kù láyé.

"Afẹ́fẹ́ wá pa àtùpà," ni Daddy Shittu wí. "Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo fẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n fi gìgísẹ̀ ta mí láyà pé kí n máa tì. Níkẹ́ ò mọ̀ pé à ń yà á lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ọ̀run kò ju èyí tó máa tàn sí eyín rẹ̀ lọ. Ìyàwó tí wọ́n lé jáde, ó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn."

Wọ́n nu imú.

"Olóyè sunkún lọ́jọ́ náà. Olóyè tí kì í sanwó fún òjìji."

Bàbá tún yíjú sí wọn. "Òyìnbó ńkọ́?"

"Ó ti padà sílé láti 1974, ẹ̀gbọ́n."

"O ti wá rántí," Bàbá wí. "Tẹ́lẹ̀, ẹran ló kún ẹnu ẹ."

Ẹ̀rín tún sọ, Daddy Shittu náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú wọn. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo wà. Kámẹ́rà mi ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò wo irun etí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo rò pé Bàbá ò ní jẹ́ kí n tún tẹ ilé wọn mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kí Aunty pè mí. Wọ́n gbé àpò dúdú alápá méjì kan lé mi lẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi ń tọ́jú fíìmù látijọ́, wọ́n fi fíìmù tí mo bà jẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, kí n máa tú u, kí n máa ká a, láìrí i, títí ọwọ́ mi á fi kọ́ ohun tí ojú mi kọ̀ láti kọ́. Lẹ́yìn náà kí n yí téèpù sí agolo, kí n sì ká etí rẹ̀.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ báyìí. Bàbá ní ọwọ́ mi dà bí pátákò ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà ti ń gbọ́n. Daddy Shittu ṣì ń wá jẹ ìrẹsì. Wọ́n ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àwọn ló ti ọmọlańke nínú àwòrán tó dára jù tí Òkìkí yà, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí mọ́ láyé, tí ó sì jẹ́ òótọ́. Praise ti ń fi lẹ́tà méjì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí ẹnì kan bá ní nǹkan wà níbì kan, tí ojú yín ò sì rí i, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ohun tí mo ní láti sọ fún yín nìyẹn.

Bàbá ti ń fọkàn tán mi díẹ̀. Aunty Rẹ̀mílẹ́kún ò tíì débẹ̀. Títí di òní, tí wọ́n bá rán mi lọ mú pọ̀nmọ́ nínú fìrísà, wọ́n á tẹ̀ lé mi dé gáréèjì, wọ́n á sì dúró tì mí títí màá fi pa ìdérí rẹ̀ dé.